ỌJỌ́ TÍ WỌ́N DÁ, ỌJỌ́ TÍ EPO DÉ! Kí ló dé tí dísù fi ṣáájú bẹntiróòlù jáde ní Lẹ́kkí?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ajah jáde, tó kọjá Sángótẹ̀dó, tó kọjá Awóyáyà àti Bógijẹ, tó wá yà sápá òkun tó forí lé Akòdó, yóò rí òpó irin kan tó yọrí lókè gbogbo ilé àti igi àgbọn àdúgbò náà. Òpó yẹn ga tó mítà 112. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2,250 lọ. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti rọ ọ́, orí omi ni wọ́n gbé e gbà dé Lẹ́kkí Free Zone lọ́dún 2019. Òun ni ìkòkò àgbà tí wọ́n fi ń se epo rọ̀bì nílé ìfọpo Dangote.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a fi wé nǹkan kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Amẹ́ríkà fi gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá lọ́dún 1969, èyí tí wọ́n ń pè ní Saturn V, mítà 110 ó lé díẹ̀ ni gíga tiẹ̀. Òpó Lẹ́kkí ga jù ú lọ! Òótọ́ ni pé ọ̀kan fò, èkejì dúró gbọn-in sójú kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jọra lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ẹ̀rọ ńlá tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ rí, ọjọ́ yẹn kì í pé bí wọ́n ṣe dá a. Èkejì, ẹrù tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé kì í sábà jẹ́ ẹrù tí aráyé ń retí.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ fún ìyá oníbúrẹ́dì, fún wẹ́dà, fún fọ́kánásà, fún ẹni tó ń lọ ata, láàárín ọdún 2023 sí 2024. Gbogbo wọn ló ń ka ọjọ́.

ILẸ̀ ẸRỌ̀FỌ̀

Ọdún 2013 ni Àlàájì Aliko Dangote kéde pé òun máa kọ́ ilé ìfọpo. Kì í tilẹ̀ ṣe Lẹ́kkí ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Olókòlá ni, létí òkun níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Oǹdó ti pààlà. Epo tí wọ́n ní wọn yóò máa fọ̀ lójúmọ́ nígbà náà jẹ́ àgbá 400,000. Owó tí wọ́n dá lé e jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ọdún tí wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ni 2016.

Kò pẹ́ ni iṣẹ́ ṣí kúrò ní Olókòlá wá sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ sí i, ó di àgbá 650,000 lójúmọ́. Àgbá kan jẹ́ lítà 159, ìyẹn ni pé epo rọ̀bì tí ilé yẹn lè gbé mì lọ́jọ́ kan ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lítà lọ. Owó náà fò sókè, ó lé ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń dárúkọ.

Ilẹ̀ ọ̀hún gan-an, ẹrọ̀fọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ Ìbẹ̀jú kó tó di pé wọ́n ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni ń ta góòlù mọ̀ pé omi ló ni ibẹ̀, pẹ̀lú apẹja àti àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbọn. Iyanrìn tí wọ́n fà láti inú òkun wá fi kún ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù 65 mítà oníbùú-lóròó. Ẹ̀yin onítípà, ẹ gbọ́: ká ní típà tó ń gbé ogún mítà ni wọ́n fi kó o, ìrìn-àjò tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ ni! Ibi tí ọdún 2016 gbà lọ nìyẹn, tí 2018 tẹ̀ lé e, tí 2020 náà kọjá tòun ti àìsàn kòrónà.

OṢÙ KEJE TÀBÍ ÌBẸ̀RẸ̀ OṢÙ KẸJỌ

Ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ilé ìfọpo náà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kó kúrò lórí àlééfà. Ìlù dún, àwọn ààrẹ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn wà níbẹ̀. Àlàájì Dangote dìde, ó ní epo àkọ́kọ́ láti ilé ìfọpo òun máa wà lọ́jà kí oṣù keje tó parí, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí oyè, ó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò pé N200 l'Ékòó tẹ́lẹ̀ di N488 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti kọjá N560. Kí ló wá kù tí èèyàn máa dì mú? Ọ̀rọ̀ tí Dangote sọ ni. Nínú ọkọ̀, nínú ọjà, níbi ìnáwó, ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Ẹ fara dà á, epo Dangote ń bọ̀ nínú oṣù kẹjọ."

Kì í ṣe àwàdà lọ́rọ̀ yìí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tó fẹ́ fi owó kún owó iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró ná, kí oníbàárà má bàa sá. Oníbúrẹ́dì tó ń fi dísù ṣiṣẹ́ kò fẹ́ dín ìwọ̀n búrẹ́dì kù, ó ń jẹ gbèsè lórí jẹnẹrétọ̀, ó ní oṣù méjì péré ló kù. Òmíràn ò gba ọmọ iṣẹ́ mọ́ títí epo máa fi wálẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi ọjọ́ tí olówó dá ṣe ìwéwèé ọjà tiwọn.

Oṣù kẹjọ dé, ó lọ. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ náà sọ fáwọn oníròyìn òkè òkun pé dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú ń bọ̀ nínú oṣù kẹwàá, pé bẹntiróòlù máa tẹ̀ lé e kí oṣù kọkànlá tó parí. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí epo rọ̀bì nínú ìkòkò. Wọ́n ti ṣí ilé ìdáná, wọ́n ti gé rìbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n iṣu ò tíì dé láti oko.

ỌKỌ̀ OJÚ OMI MẸ́FÀ

Inú oṣù kejìlá, ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ dé. OTIS lorúkọ ọkọ̀ náà. Mílíọ̀nù kan àgbá epo rọ̀bì ló gbé, láti Agbami, kànga epo tó wà nínú agbami òkun Nàìjíríà lóòótọ́. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Shell tó ń ta epo kárí ayé ló tà á fún Dangote.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí epo ti dé, kí ni wọ́n tún ń dúró dè? Ìyá oníbúrẹ́dì lè dáhùn ìyẹn láìlọ sí yunifásítì. Kò sẹ́ni tó máa dáná sí ààrò ńlá nítorí búrẹ́dì méjì. Ààrò tí wọ́n bá dá iná sí tí wọ́n pa, tí wọ́n tún dá, bíríkì rẹ̀ á sán. Irin ilé ìfọpo náà bẹ́ẹ̀: tó bá ti gbóná, wọ́n fẹ́ kó máa gbóná lọ. Nítorí náà mílíọ̀nù mẹ́fà àgbá ni wọ́n ní wọ́n máa kó jọ kí wọ́n tó tanná. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti Shell, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e láti ọwọ́ NNPC, ti ìkẹyìn láti ọwọ́ ExxonMobil. Kẹfà dé nínú oṣù kìíní, ọdún 2024. Wọn ò sì gbìyànjú láti ṣe gbogbo àgbá 650,000 lẹ́ẹ̀kan. 350,000 lójúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Epo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá yẹn náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Epo rọ̀bì ò rí bákan náà. Òmíràn ki bí ọ̀dà, imí-ọjọ́ kún inú rẹ̀. Ti Agbami fúyẹ́, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré. Irú epo tí kì í fún ìkòkò tuntun ní ìyọnu nìyẹn.

OHUN TÍ RỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ FI YÉ WỌN

Àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, owó gọbọi ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Saturn V tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ fò láìsí èèyàn kankan nínú rẹ̀, lọ́dún 1967 àti 1968. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ méjì kú mọ́ ọn lójú ọ̀run. Ká ní èèyàn wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọ̀ ọ́.

Àwọn ará Yúróòpù ò ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn tuntun, Ariane 5, gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Sátẹ́láìtì mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni wọ́n dì sínú rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá-yángá, gbogbo ẹrù bá a lọ.

Abájọ tí Elon Musk ti Amẹ́ríkà fi gbọ́n. Lọ́dún 2011 ló kéde rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan, Falcon Heavy, ó ní ó máa fò lọ́dún 2013. Oṣù kejì, ọdún 2018 ló tó fò! Kí ló dì sínú rẹ̀? Mọ́tò ara rẹ̀ tó ti ń wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá jóná, mọ́tò kan náà ló bá a lọ. Nàìjíríà pàápàá ò bá rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ṣeré: sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 tó lọ lókè lọ́dún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà tó ti ń fò láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi gbé e.

Ẹ tún padà sí Lẹ́kkí. Èbúté ńlá tó wà létí ilé ìfọpo yẹn, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2022, Zhen Hua 28, kò gbé ìrẹsì, kò gbé okirika. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ló gbé wá, àwọn àgbà irin tí yóò máa sọ kọ̀ǹténà àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kalẹ̀. Oníṣòwò tó ń retí ọjà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣìnà. Oṣù kẹrin, ọdún 2023 ni èbúté náà tó bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ẹ̀GẸ́ SÍSÈ ÀTI GÀÁRÌ

Ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2024, wọ́n kéde pé ilé ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ariwo sọ. Àmọ́ kí ló jáde? Dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú! Ọlọ́kadà ní, "Ṣé èmi ni mo ní ọkọ̀ òfurufú ni?" Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi bẹntiróòlù pamọ́ ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan náà la ó fi ṣàlàyé. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ní sísè, kó bó o, kó dà á sómi, ìkòkò kan ti tó. Ẹni tó fẹ́ jẹ gàárì gbọ́dọ̀ rin ín, kó fún omi rẹ̀, kó sẹ́ ẹ, kó yan án. Ẹ̀rọ ìrin tó bá bàjẹ́, kò sí gàárì lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ̀gẹ́ tilẹ̀ kún inú ilé.

Bí epo rọ̀bì náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ á gun òpó gíga yẹn lọ. Èyí tó fúyẹ́ jù á dé òkè téńté. Epo ọkọ̀ òfurufú, tó jẹ́ ọmọ ìyá kẹrosíìnì, á dúró láàárín. Dísù á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wúwo tó ki á kù sídìí. Tí wọ́n bá ti yọ imí-ọjọ́ kúrò lára dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú, ọjà ti dé. Ṣùgbọ́n èyí tó dé òkè téńté yẹn kì í ṣe bẹntiróòlù tí mọ́tò lè jó. Ó ní ẹ̀rọ mìíràn tó gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó lágbára. Èyí tó kù sídìí náà, ẹ̀rọ kan wà tó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó lè di bẹntiróòlù, òun gan-an ló sì le jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọn ò lè dán ẹ̀rọ wọ̀nyí wò kí òpó àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lóúnjẹ. Nítorí náà, fún oṣù díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ yẹn, òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí.

Ìjàm̀bá kọ́ ni dísù tó ṣáájú o, pàápàá fún oníṣẹ́ ọwọ́. Dísù ti lé ní N1,600 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Dangote gbé tiẹ̀ jáde ní N1,200. Láàárín oṣù kẹrin ó sọ ọ́ di N1,000, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó tún di N940 fún ẹni tó bá rà á púpọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó tòmátì wá láti Òkè Ọya náà mí díẹ̀. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ṣì wà níta.

BẸNTIRÓÒLÙ DÉ, OJÚ PỌ́N

Kò sóhun tó burú nínú kí ẹ̀rọ tuntun falẹ̀. Ohun tó dun èèyàn ni pé ẹnu ò falẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, ọdún 2024, Àlàájì Dangote sọ ní Kigali pé tó bá di oṣù kẹfà, Nàìjíríà ò ní í nílò bẹntiróòlù òkè òkun mọ́. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, ó ní ìdádúró díẹ̀ wà, pé oṣù keje ni. Oṣù keje di oṣù kẹjọ. Òótọ́ ni pé ẹni tó jẹ bánkì lówó tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dárúkọ ọjọ́. Ẹni tó yá a lówó ń béèrè, ẹni tó fẹ́ ra epo ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ata n'Ífako kò sí nínú ìpàdé wọn. Ọjọ́ tí wọ́n dá ló gbọ́, kò gbọ́ "bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa" tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, Dangote kéde pé bẹntiróòlù ti ń jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni NNPC gbé owó lítà kan lọ sí N855 l'Ékòó! Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15, oṣù náà, àwọn tánkà NNPC tò sílé ìfọpo, wọ́n gbé àkọ́kọ́ jáde. Láti ọjọ́ tí Buhari gé rìbọ́ọ̀nù, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, NNPC ní lítà kan máa jẹ́ nǹkan bí N950 l'Ékòó. Wọ́n ní N898 ni àwọn rà á lọ́wọ́ Dangote. Dangote ní irọ́ ni. Àwọn méjèèjì ń ṣe àríyànjiyàn lórí ìwé ìròyìn, ọlọ́kadà ń wo ojú mítà. Epo tí wọ́n ti retí láti mú owó wálẹ̀, òun ló wá wọ́n ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ!

Ìdí kan wà, inú epo rọ̀bì ló wà. Dangote ń ké nígbà náà pé epo rọ̀bì ilẹ̀ yìí ò tó òun lọ́wọ́, ó ń ra tẹnìkejì láti Amẹ́ríkà, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá òkun wá sí Lẹ́kkí, sí orílẹ̀-èdè tó ń wa epo láti inú ilẹ̀ ara rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ẹni tó bá fi dọ́là ra ẹ̀gẹ́, ṣé náírà kékeré ló máa fi ta gàárì? Ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 2024 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí wọ́n máa fi náírà ta epo rọ̀bì fún un. Ètò náà dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹta, ọdún 2025, ó tún tẹ̀ síwájú. Owó tí Dangote ń gbà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà náà ń gòkè, ó ń sọ̀: ó wà ní N950 nínú oṣù kìíní ọdún 2025, ó di N825 nígbà tí oṣù kejì fi ń parí.

Ẹ̀rọ tó ń fọ́ epo wúwo yẹn ò sì tíì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Nínú ọdún 2025, wọ́n dá a dúró láti tún un ṣe, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ tuntun ni.

Nínú oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Àlàájì Dangote tún pe àwọn oníròyìn. Ó ní òun máa sọ ilé ìfọpo Lẹ́kkí di àgbá mílíọ̀nù kan àti 400,000 lójúmọ́, èyí tí yóò jẹ́ kó tóbi ju gbogbo ilé ìfọpo tó wà láyé lọ. Wọ́n bi í léèrè ìgbà tó máa parí. Ọdún mẹ́ta, ló wí. Ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ nínú rédíò, ó sì ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.